"Mo Kàn Ń Ṣeré Ni": Ẹ̀fẹ̀ àti Irọ́ Nínú Ọjà Gbàǹjo

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ṣe òwò ní ẹ̀tọ́ fún wa, tí ó sì ṣe jìbìtì ní èèwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí ó ti ṣòwò kí ó tó di Òjíṣẹ́, tí àwọn ará Mẹ́kà sì ń pè ní olùfọkàntán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo arábìnrin wa kan. Ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì wọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Owó ilé-ìwé kò pé, ó wá pinnu láti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ya àwòrán rẹ̀, ó gbé e sí orí WhatsApp níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ará àdúgbò pọ̀ sí, ó ní kí olúkúlùkù dá iye tí ó bá lè san, pé bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá ti lù, ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù lọ ni yóò gbé e. Ìyá aránṣọ kan dá 60,000 náírà. Ẹlòmíràn dá 65,000. Ìyá náà gbé e dé 70,000, nítorí pé iye tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá kọ 120,000 sí i. Kò ní 120,000. Kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìyá aránṣọ sì gba ibòmíràn lọ, ó ra ẹ̀rọ mìíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí arábìnrin wa pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kí ó wá gbé ẹrù rẹ̀, èsì tí ó fún un ni pé: "Háà, sísítà, mo kàn ń ṣeré ni."

Gbólóhùn yìí ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Ǹjẹ́ eré ni lóòótọ́? Bí ó bá sì jẹ́ eré, ta ni ó bá ṣeré náà?

GBÀǸJO TÍ ÀNÁBÌ LÙ

Gbàǹjo kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé ni a ti mọ ọjà tí a ń kéde ní gbangba, tí ẹnì kan ń dá owó lé e, tí ẹlòmíràn ń fi kún un, títí kò fi ní sí ẹni tí ó tún lè fi kún un mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun èèwọ̀ nínú ẹ̀sìn. Lóòótọ́ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí ẹnì kan máa nájà lé ìnájà ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ìgbà tí ọlọ́jà àti oníbàárà bá ti fẹnu kò, tàbí tí wọ́n ti súnmọ́ ọn, ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Nínú gbàǹjo, ọlọ́jà kò tí ì gbà fún ẹnikẹ́ni.

Kódà Ànábì fúnra rẹ̀ lu gbàǹjo rí. Abu Dawud àti Tirmidhi gba ìtàn náà wá láti ọ̀dọ̀ Anas ọmọ Malik. Ará Mẹ̀dínà kan wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Òjíṣẹ́. Òjíṣẹ́ bi í léèrè bóyá kò sí ohunkóhun nílé rẹ̀. Ọkùnrin náà ní aṣọ híhun kan wà tí àwọn ń bora tí àwọn sì ń tẹ́ sílẹ̀, pé igbá ìmumi kan sì wà pẹ̀lú. Ànábì ní kí ó kó wọn wá. Ó gbé wọn sókè, ó béèrè ẹni tí yóò rà wọ́n. Ẹnì kan dá dírámù kan. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ta ni yóò fi kún un? Ẹlòmíràn dá dírámù méjì, ó sì gbé e. Ànábì kó owó náà fún ọkùnrin náà, ó ní kí ó fi dírámù kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra irin àáké. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Òjíṣẹ́ fi ti ẹ̀ka bọ irin àáké náà. Ọkùnrin náà wọ inú igbó lọ, ó ń ṣẹ́ igi tà, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ó padà dé pẹ̀lú dírámù mẹ́wàá.

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ ìtàn yìí nígbà tí wọ́n ń kìlọ̀ fún wa nípa agbe ṣíṣe. Àwa fẹ́ kí ẹ fi ojú mìíràn wò ó lónìí. Ẹ wo ẹni tí ó pe dírámù méjì. Ìtàn kò dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe ńkọ́? Ká ní ó fẹ́ pa àwọn tí ó jókòó lẹ́rìn-ín ni ó fi pe iye tí kò fẹ́ san? Ẹni tí ó dá dírámù kan ì bá ti yíjú sí ọ̀ràn mìíràn, oúnjẹ kò ní sí, àáké kò ní sí, ọkùnrin náà yóò sì padà sí ìdí agbe. Orí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìgbésí ayé ìdílé kan dúró lé lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó sì dì í mú ni pé ẹni náà sọ̀rọ̀, ó sì ní in lọ́kàn.

Òpó méjì ni ó gbé gbàǹjo ró. Èkíní ni pé kí ọlọ́jà ní ohun tí ó gbé síta, kí ó sì fẹ́ tà á. Èkejì ni pé kí ẹni tí ó dá owó lé e fẹ́ rà á ní iye tí ó pè. Ẹni tí ó fi ẹ̀fẹ̀ gbé ọjà síta wó òpó àkọ́kọ́. Ẹni tí ó pe owó irọ́ wó èkejì.

ỌJÀ TÍ OJÚ KÒ TI RÍ OJÚ

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1995, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Pierre Omidyar dá ọjà gbàǹjo kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo ayé padà mọ̀ sí eBay. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tà níbẹ̀ ni iná léésà kékeré tí a fi ń tọ́ka sí nǹkan, ó sì ti bàjẹ́. Ẹnì kan rà á ní dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ẹnu ya Omidyar, ó kọ̀wé sí ẹni náà pé ṣé ó yé e pé nǹkan náà kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni náà fèsì pé òun a máa kó èyí tí ó ti bàjẹ́ jọ ni. Ẹ wò ó dáadáa: ọjà tí ó dà bí ẹ̀fẹ̀ nìyẹn, síbẹ̀ kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọlọ́jà sọ àbùkù ọjà rẹ̀, oníbàárà sì mọ ohun tí ó ń rà.

Ṣùgbọ́n ọjà yìí ní ewu tirẹ̀. Ní ọjà Ọjẹ́ tàbí Dùgbẹ̀, o rí ojú ẹni tí ń nájà. O lè mọ ẹni tí ń ṣàwàdà nípa bí ó ti ń rẹ́rìn-ín, o sì lè mọ ọmọ ọlọ́jà tí ó ń díbọ́n bí oníbàárà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ lásán àti iye owó ni o rí. Ẹnì kan ṣoṣo lè jẹ́ orúkọ mẹ́wàá.

Bákan náà, ẹ̀rọ ni ó ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn dá owó níbẹ̀. Wàá sọ fún ẹ̀rọ náà ní kọ̀rọ̀ pé iye tí o lè san kò ju 50,000 lọ. Bí ẹni tí ó ń bá ọ du ọjà náà bá dúró ní 30,000, ẹ̀rọ yóò fi díẹ̀ lé e, ìwọ yóò sì san 30,000 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan tí kò fẹ́ ra nǹkan bá ń fi irọ́ gbé e sókè, ẹ̀rọ rẹ yóò máa tẹ̀lé e títí dé 49,000. Owó tí ó lé yẹn jáde lápò rẹ, o kò sì ní mọ̀ láéláé pé wọ́n jí i. Ọ̀dọ̀ rẹ, ó jọ pé ọjà wọ́n ni.

ẸNI TÍ Ń LÉ ẸRAN FÚN ỌDẸ

Ìwà yìí ti ní orúkọ nínú ẹ̀sìn wa láti nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn. Najsh ni orúkọ rẹ̀, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì kọ̀ ọ́ fún wa nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá sọ pé ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kí á máa lé ẹran jáde kúrò níbi tí ó sápamọ́ sí, kí ọdẹ lè rí i mú. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti bá a mu! Ẹni tí ó pe owó irọ́ ń lé ọmọ ìyá rẹ̀ lọ sí ẹnu ìbọn. Imam Malik ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé Muwatta pé kí ènìyàn dá iye tí ó ju ti ọjà lọ lé e ni, nígbà tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ láti rà á, kí ẹlòmíràn lè tẹ̀lé e. Nínú ọ̀nà Malik, èyí tí púpọ̀ nínú wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, bí ọlọ́jà bá mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta ọjà alábùkù fún. Àwọn onímọ̀ mìíràn tilẹ̀ ní ọjà náà bàjẹ́ pátápátá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni èyí. Ní ọdún 2000, agbẹjọ́rò kan ní ìlú Sacramento ní Amẹ́ríkà, Kenneth Walton, gbé àwòrán kíkùn kan sí orí eBay. Ó díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ lẹ́tà méjì sí ara àwòrán náà, kí àwọn ènìyàn lè rò pé iṣẹ́ Richard Diebenkorn ni, gbajúmọ̀ ayàwòrán tí ó kú ní 1993. Sẹ́ǹtì 25 ni owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi oríṣiríṣi orúkọ dá owó lé e, ó sì di dọ́là 135,805. Ìròyìn ìwé ìròyìn ni ó tú àṣírí náà. eBay fagi lé ọjà náà. Walton gbà ní ilé-ẹjọ́ ní 2001 pé òun jẹ̀bi, ó sì pàdánù iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2006. Ẹni tí ó kàwé òfin ni o, kì í ṣe ọmọ ìta. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ní 2010, ilé-ẹjọ́ kan ní Bradford dá ọkùnrin kan lẹ́bi nítorí pé ó ń fi orúkọ mìíràn dá owó lé ọjà ara rẹ̀ lórí eBay, wọ́n sì ní kí ó fi wákàtí 250 ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú.

Àwọn oníbàárà náà ní ọgbọ́n àrékérekè tiwọn. Ẹnì kan yóò dá owó tí ó kéré, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò pe iye tí ó ga dé ojú ọ̀run, kí gbogbo ènìyàn lè fi ọjà náà sílẹ̀. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rẹ́ yóò ní òun ṣe àṣìṣe, òun ti yọ owó òun. Ẹni tí ó dá owó kékeré yóò sì gbé ọjà lọ ní ọ̀fẹ́ díẹ̀ ló kù. Nínú èyí, ọlọ́jà ni wọ́n rẹ́ jẹ. Èṣe tí a kò fi máa pè é ní olè?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Yóò ní òun kì í ṣe irú àwọn wọ̀nyí, pé òun kò wá èrè kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí owó irọ́ àwọn oníjìbìtì ṣe náà ni tirẹ̀ ṣe: ó lé olùrà tòótọ́ lọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé olè jí i nítorí pé ó fẹ́ jẹ ẹ́, òun sì dà á nù nítorí pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín.

ỌJÀ TÍ KÒ SÍ LÁTÈ

Ẹ wá jẹ́ kí á wo àwọn tí ń fi ẹ̀fẹ̀ gbé ọjà síta. Ní 1999, ẹnì kan kéde lórí eBay pé òun fẹ́ ta kíndìnrín kan. Kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, owó tí wọ́n dá lé e ti ju mílíọ̀nù dọ́là márùn-ún lọ. Òfin Amẹ́ríkà ti kọ̀ láti 1984 pé kí ẹnikẹ́ni máa ta ẹ̀yà ara, ẹni tí ó bá sì rú òfin náà lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwàdà ni, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kéde títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń pe mílíọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Irú ẹ̀rín wo ni ẹni náà yóò rín? Àwọn àgbà wa ní ẹni tí yóò bá fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dunni tó.

Ní 2008, ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, àwọn òbí kan gbé ọmọ wọn tí ó jẹ́ oṣù méje tàbí mẹ́jọ sí orí eBay, wọ́n ní owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti yúrò kan, nítorí pé ọmọ náà ń sunkún jù. Wákàtí bíi méjì ààbọ̀ péré ni ìkéde náà lò. Ìyá ní eré ni òun ń ṣe, pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni yóò dá owó lé e ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó rí i ti pe ọlọ́pàá, ìjọba gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ wọn fún ìgbà kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bóyá òwò ọmọ ni wọ́n ń ṣe. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ẹ̀fẹ̀ irú èyí tún ń ṣe ọjà lọ́ṣẹ́ ní ọ̀nà mìíràn: ó ń mú kí wọ́n máa fura sí olóòótọ́. Ní 2004, obìnrin kan ní Florida gbé búrẹ́dì díndín kan tí ó ti pẹ́ ọdún mẹ́wàá sí orí eBay, ó ní àwòrán Màríà hàn lára rẹ̀. eBay kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní àwọn kì í gba ọjà ẹ̀fẹ̀. Obìnrin náà ní kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Nígbẹ̀yìn wọ́n rà á ní 28,000 dọ́là. A kò sọ pé ọjà gidi ni búrẹ́dì náà. Ohun tí a ń sọ ni pé nígbà tí àwàdà bá ti pọ̀ láàrin ọjà, ọlọ́jà gan-an kò ní lè mọ èwo ni òótọ́, èwo ni irọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pa á lówe pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ra èké.

OBÌNRIN KÌ Í ṢE ỌJÀ

Ní 2016, ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀fẹ̀ kéde ìyàwó rẹ̀ lórí eBay, ó kọ ànfààní àti àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń ta ọkọ̀ àlòkù. Owó tí wọ́n dá lé e ju 65,000 pọ́n-ùn lọ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, inú sì bí ìyàwó. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa sọ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ jẹ́ kí á fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà náà lọ.

Ní oṣù keje ọdún 2021, ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n kó àwòrán àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí ó ju 80 lọ sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹni pé wọ́n ń lù wọ́n ní gbàǹjo. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, wọ́n tún ṣe òmíràn, àwọn obìnrin tí ó ju 100 lọ. Àwọn akọ̀ròyìn, agbẹjọ́rò, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti awakọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti sọnù láti 2016. Kò sí ọjà kankan tí wọ́n ń tà. Kò sí ẹni tí ó san kọ́bọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí wọ́n tẹ́ àwọn obìnrin náà, kí wọ́n sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá mú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn èkejì kàn ní oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ni wọ́n, ọmọ ogún ọdún tàbí díẹ̀ sí i, ọmọbìnrin kan tí kò tí ì pé ogún sì wà láàrin wọn.

Arábìnrin wa, ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, o mọ̀ láìjẹ́ pé a sọ fún ọ pé eré kọ́ nìyẹn. Arákùnrin wa, ọ̀rọ̀ kù sí ọ lọ́rùn. Nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán ọmọbìnrin kan sí àárín ẹ̀yin ọ̀rẹ́, tí ẹnì kan ní "èló ni?", tí ẹlòmíràn ní "mo fi ẹgbẹ̀rún kan kún un", ǹjẹ́ o ti pe iye tìrẹ rí? Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Sùrá Al-Hujurat pé kí ọkùnrin má ṣe fi ọkùnrin ṣe yẹ̀yẹ́, kí obìnrin má sì ṣe fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lè sàn ju ẹni tí ń ṣe é lọ.

ṢÉ KÍ Á MÁ ṢE ṢÀWÀDÀ MỌ́ NI?

A kò sọ bẹ́ẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun a máa ṣàwàdà, ṣùgbọ́n òótọ́ ni í fi í ṣe. Ọkùnrin kan wá bá a pé kí ó fún òun ní ẹran gígùn. Ó ní òun yóò gbé e gun ọmọ ràkúnmí. Ẹnu ya ọkùnrin náà: kí ni òun fẹ́ fi ọmọ ràkúnmí ṣe? Ànábì wá bi í léèrè bóyá ràkúnmí kan wà tí kì í ṣe ọmọ ràkúnmí. Ẹ wo àwàdà yìí. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ti yé ẹni tí a bá ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni kò já a kulẹ̀ lórí ohun tí ó bá wá. Ìwọ̀n mẹ́ta nìyẹn tí a lè fi wọn àwàdà wa: ṣé òótọ́ ni? Ṣé ẹni tí ó kàn mọ̀ pé àwàdà ni? Ṣé kò ní pàdánù nínú rẹ̀? "Mo kàn ń ṣeré ni" tí a sọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò yege nínú ọ̀kankan. Eré tí ẹnì kejì kò mọ̀ pé eré ni, irọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi wá pé bí ète bá dára ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù kejìlá 2008, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Tim DeChristopher wọ gbọ̀ngàn gbàǹjo kan ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìjọba ti ń yá àwọn oníṣòwò epo ní ilẹ̀. Ó dá owó lé ilẹ̀ mẹ́rìnlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù dọ́là méjì, kò sì ní in. Ó ní òun fẹ́ gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ìparun ni. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 2011, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Àwọn kan yìn ín, àwọn kan bú u. Àwa kò ní ṣe ìdájọ́ rẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí a rí ni pé kò sọ pé òun ń ṣeré. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ní ìwúwo, ó dúró tì í, ó sì ru ẹrù rẹ̀. Aláwàdà tiwa fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun ṣiṣẹ́ nígbà tí ó bá ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí ó sì di asán nígbà tí wọ́n bá ní kí ó wá sanwó.

Kí á má sì tan ara wa, ẹ̀gbin yìí wà nílé wa pẹ̀lú. Nígbà tí a bá ń kówó jọ fún mọ́sálásí tàbí fún ìwé tuntun, ẹni tí yóò dìde láti kéde iye ńlá tí kò ní san wà láàrin wa. Nígbà mìíràn, àwa tí a ṣètò náà ni a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pè é, kí àwọn yòókù lè tẹ̀lé e. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin èyí àti ẹni tí ń lé ẹran fún ọdẹ? Opó kan lè tú ìdí aṣọ rẹ̀ kí ó mú owó oúnjẹ ọ̀la sílẹ̀, nítorí pé ojú tì í lẹ́yìn tí ó gbọ́ owó alága. Owó opó wọlé, owó alága kò wọlé.

BÍ A TI LÈ TÚN UN ṢE

Bí o bá ti ṣe irú eré yìí rí, má ṣe rò pé ìrònúpìwàdà ọkàn nìkan tó, nítorí pé ẹ̀tọ́ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà ṣì wà níta, tètè sọ fún ọlọ́jà àti fún gbogbo àwọn tí ó rí i pé iye rẹ kì í ṣe òótọ́, kí olùrà tòótọ́ lè padà wá. Bí ó bá ti sọnù, lọ bá ọlọ́jà, bẹ̀ ẹ́, kí o sì san ohun tí ó pàdánù nítorí rẹ tàbí kí ó dárí rẹ̀ jì ọ́. Bí o bá fi owó irọ́ ta ọjà tìrẹ, sọ fún ẹni tí ó rà á, kí o fún un ní àyè láti dá a padà, tàbí kí o dá ohun tí ó lé padà fún un. Ìwọ ọlọ́jà, má ṣe jẹ́ kí ọ̀rẹ́ bá ọ "gbé owó sókè". Bí iye kan bá wà tí o kò lè tà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó tún ku ìwọ tí o kò ṣe nǹkankan, tí o kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ ni owó tí aláwàdà ń gbà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ yẹn bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ọ̀rẹ́, ṣé o ní owó yìí? Bí o kò bá ní in, yọ ọ́ kúrò, obìnrin yìí ń wá owó ilé-ìwé," eré náà yóò parí níbẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ arábìnrin wa ṣì wà nílé, a óò sì tún gbé e síta. Nígbà tí a bá béèrè ẹni tí yóò fi kún un, kí ẹni tí yóò dáhùn jẹ́ ẹni tí ó ní i lọ́kàn, bí ẹni tí ó pe dírámù méjì lọ́jọ́ náà ní Mẹ̀dínà. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa ṣọ́ ahọ́n wa àti ọwọ́ tí a fi ń tẹ̀wé, kí Ó fi ìbùkún sí ọjà wa, kí Ó má sì fi wá ṣe ẹni tí yóò fi ẹ̀rín ìṣẹ́jú kan ra ẹkún ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.